«No se levante»: bí a ṣe ń dá ènìyàn lẹ́kun ní èdè Sípáníìṣì, àti ibi tí «se» máa ń sá lọ

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí Sípáníìṣì ti mọ́ lára. Ìyá àgbà kan ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn ní Madrid, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dá dìde lórí ibùsùn nítorí orúnkún wọn. Mo mọ̀ pé «levántese» ni mo máa ń sọ bí mo bá fẹ́ kí wọ́n dìde, nítorí náà nígbà tí wọ́n fẹ́ dá dìde, mo ní «no levántese». Ọmọ wọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní «no se levanta» ni kí n wí, ẹlòmíràn ní «no te levantes» ni òun máa ń gbọ́. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́ta yìí, kí ló sì dé tí «se» yẹn kò lè dúró sójú kan?

———

Kò sí èyí tí ẹ máa mú fún ìyá àgbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. «No se levante» ni ẹ máa sọ. «No te levantes» kò ní àbùkù kankan nínú gírámà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni tàbí ọmọdé ni a ń sọ ọ́ fún. «No se levanta» náà jẹ́ gbólóhùn tó pé, àmọ́ kì í ṣe àṣẹ. Ohun tó ń sọ ni pé wọn kì í dìde, bí ìgbà tí ẹ bá ń ròyìn wọn fún dókítà. «No levántese» nìkan ni kò sí nínú èdè náà rárá.

Ní ti «se» tí kò dúró sójú kan, bí a bá ń pàṣẹ pé kí ènìyàn ṣe nǹkan, arọ́pò-orúkọ á lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó sì kọ méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: levántese, acuéstese, vístase. Bí «no» bá ti wọlé, arọ́pò-orúkọ náà kò lè dúró lẹ́yìn mọ́. Yóò bọ́ sí àárín «no» àti ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò sì dá dúró: no se levante, no se acueste, no se vista. Àmì orí fáwẹ̀lì tí ẹ rí nínú «levántese» á kúrò pẹ̀lú, nítorí pé sílébù tí «se» fi kún ọ̀rọ̀ náà ni ó mú kí àmì náà pọn dandan.

———

Mo ti ka èsì àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ìbéèrè yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wí ni pé kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, kí a ṣáà fa «se» síwájú, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí àwọn olùkọ́ kan ṣe máa ń kọ́ni náà nìyẹn. Wọ́n á ya ọfà sójú pátákó láti fi bí arọ́pò-orúkọ ṣe fò láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú hàn. Wọ́n jàre níbi kan. Bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ «usted», ìyẹn ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń pàṣẹ tí a sì fi ń dáni lẹ́kun, nítorí náà «se» nìkan ló máa ṣípò padà.

Ibi tí n kò ti fara mọ́ ọn ni pé wọ́n gbé òfin yẹn kalẹ̀ bí ẹni pé ó kárí gbogbo ènìyàn. Ẹ gbé e lọ bá «tú», ìyẹn ẹni tí à ń pè ní «ìwọ», ẹ ó rí i pé kò ṣiṣẹ́. «Levántate» kì í di «no te levanta», «no te levantes» ni. «Ponte» kì í di «no te pon», «no te pongas» ni. «Vete» sì di «no te vayas», tí ojú wọn kò jọra mọ́ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé Sípáníìṣì kò lo ẹ̀dà àṣẹ «tú» pẹ̀lú «no» láéláé. Bí «no» bá ti dé, ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń pè ní subjuntivo ni a ó yá lò, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí a fẹ́, ohun tí a ń bẹ̀rù, tàbí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àṣẹ «usted» ti ń jẹ lára subjuntivo yìí tẹ́lẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yí padà.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn: me levanto, me pongo, me caigo, me visto. Kí wọ́n gé «o» ìparí kúrò. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá wà nínú agbo -ar, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn parí sí -ar bíi levantar, «e» ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá wà nínú agbo -er tàbí -ir, «a» ni. Nítorí náà, no te levantes, no te pongas, no te caigas, no te vistas. «G» tó wà nínú «me pongo» àti «me caigo» á tẹ̀ lé wọn lọ láìjẹ́ pé ẹ há a sórí lọ́tọ̀. Irse, tí í ṣe kíkúrò níbì kan, ni ó ya pòókì jù nínú àwọn tí ẹ máa lò lójoojúmọ́, nítorí pé «me voy» ni ènìyàn ń sọ nípa ara rẹ̀, tí «no te vayas» sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́ òun sórí, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù tẹ̀ lé ìlànà. Ní ti àwọn bí acercarse tó di «no te acerques», tàbí ahogarse tó di «no te ahogues», lẹ́tà nìkan ni a yí padà kí ìró má baà yí. Ẹni tó ń fetí kọ́ èdè kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

———

Ẹnì kan béèrè bóyá a kàn ń fi fáwẹ̀lì kan ṣoṣo da ara wa láàmú ni, níwọ̀n ìgbà tí àwọn onílé á ṣáà gbọ́ ohun tí a ní lọ́kàn. Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ, pàápàá bí ọwọ́ àti ojú bá ń bá ẹnu ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì wò tí olùtọ́jú aláìsàn kò lè yẹra fún: sentarse, tí í ṣe jíjókòó, àti sentirse, tí í ṣe bí ara tàbí ọkàn ṣe rí fún ènìyàn.

Sentarse wà nínú agbo -ar. Bí ìyá bá jókòó, «se sienta» ni ẹ máa sọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n jókòó, «no se siente». Sentirse wà nínú agbo -ir, òdìkejì gan-an ni ó sì ń ṣe: «se siente» ni ẹ fi ń sọ bí ara wọn ṣe rí, «no se sienta» sì ni ẹ fi ń sọ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn. Àṣẹ ọ̀kan ni ìròyìn èkejì. Bí ẹ bá pe dókítà lórí fóònù tí ẹ ní «no se siente bien», ohun tó gbọ́ ni pé ara ìyá kò yá. Bí ẹ bá ṣèèṣì ní «no se sienta bien», pé wọn kò jókòó dáadáa ló gbọ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè nípa ẹ̀yìn àti ìbàdí. Bí ìyá bá ń bọkàn jẹ́ pé àwọn ti di ẹrù sí yín lọ́rùn, «no se sienta mal» ni ọ̀rọ̀ ìtùnú. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àga, tí ó ṣì tutù, «no se siente ahí».

Ní iyàrá ìdúró ilé ìwòsàn kan, ojú mi ni ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe nawọ́ sí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, tó sì sọ fún ìyá kan pé «no se sienta aquí». Ó fẹ́ dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wí, pẹ̀lú bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè níparí, «ṣé ẹ kò ní jókòó síbí ni?» ni ìyá náà gbọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó. Àwa tí a wà nítòsí ni a sáré di àga mú.

———

Òmíràn ní ṣé kí òun kúkú yọ «se» kúrò pátápátá, kó má baà sí ohun tí ń sá kiri mọ́. Ìyẹn náà kò gbè é. «No vaya» túmọ̀ sí pé kí wọ́n má lọ síbì kan. «No se vaya» ni pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà. «No duerma» ni pé kí wọ́n má sùn. «No se duerma» ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí oorun gbé àwọn lọ, èyí tí ẹ máa nílò bí oògùn bá kù tí wọn yóò lò. Bákan náà ni kò yẹ kí a máa fi «se» kún ibi tí kò sí. Ní iyàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ lè pàṣẹ méjì léra: «no se mueva, no respire». Moverse ń béèrè «se» nítorí pé ara ẹni ni ènìyàn ń mì. Respirar kò béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí ìyàtọ̀ náà gedegbe.

———

Àríyànjiyàn tó gùn jù ni ti «tú» àti «usted». Àwọn kan ní ọmọ Yorùbá tó bá fi «tú» bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ kò ní ẹ̀kọ́, pé «usted» ni «ẹ» wa, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Mo gbà pé «usted» ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ní Sípéènì, kì í pẹ́ tí àgbà fúnra rẹ̀ á fi ní «tutéame», pé kí ẹ máa fi «tú» bá òun sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì takú ti «usted», kò ní gbà á bí ọ̀wọ̀. Yóò gbà á bí ẹni tó ń ta kété sí òun. Onílé ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Bogotá ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìyá a máa fi «usted» bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ kò sì ní rí àjèjì kankan nínú rẹ̀. «Ẹ» wa kárí àgbà kan àti ogunlọ́gọ̀, ṣùgbọ́n Sípáníìṣì pín wọn: no se levante fún ẹnì kan, no se levanten fún ọ̀pọ̀.

Ohun tó ká mi lára ju ti ọ̀wọ̀ lọ ni àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan. «Te» ń fẹ́ «s» ní ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe. «Se» ti usted kò fẹ́ ẹ. «No te levante» àti «no se levantes» kò dára. Mo sì mọ ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń wá. Ní Kúbà àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Andalucía, «s» tó bá wà níparí sílébù kì í jáde dáadáa lẹ́nu. Yóò di èémí lásán tàbí kó pòórá. Ẹni tó bá kọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn olórìṣà ìlú Havana, bí àwọn kan nínú wa, «no te vaya» ni yóò máa gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń wí «no te vayas». Kò sí aburú kankan nínú bí wọ́n ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, àwọn náà ń kọ «s» náà sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tàbí ṣe ìdánwò èdè gbọ́dọ̀ dá a padà.

———

Èsì kúkúrú fún ẹni tó ń gbé ní Buenos Aires: bẹ́ẹ̀ ni, «sentate» àti «levantate» ni wọ́n ń wí níbẹ̀ nítorí «vos» tí wọ́n ń lò dípò «tú», wọn kì í sì í fi àmì sí orí wọn, nítorí pé sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn ni ohùn ti tẹ̀. Dípò «vete», «andate» ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n bí «no» bá wọlé, «no te sientes» àti «no te vayas» ni ẹ ó sábà máa gbọ́, bíi ti «tú». «No te levantés», tí ohùn tẹ̀ níparí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀ jù.

———

Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ «vosotros» wá, pé ìgbìmọ̀ èdè ti yí òfin padà. Ẹ jẹ́ kí a tò ó bó ṣe rí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a jọ wọlé wọ̀de ní Sípéènì, «levantaos» ni àṣẹ. «D» inú «levantad» bọ́ dànù kí «os» tó lẹ̀ mọ́ ọn. Irse nìkan ló mú «d» tirẹ̀ dání, tó jẹ́ «idos», ṣùgbọ́n ẹnu aráàlú kì í sábà sọ ọ́, «iros» ni wọ́n ń wí. Ní ọdún 2017, Real Academia Española gbà pé kí «iros» wọlé, láìtíì lé «idos» jáde. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ fún. Awuyewuye yẹn kò sì kan ibi tí a wà yìí, nítorí pé «no os vayáis» kò ní alátakò. Ohun tí wọ́n ṣì ń bá àwọn ènìyàn wí lé lórí ni «no sentaros» àti «no iros». «No os sentéis» àti «no os vayáis» ni ó tọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin dà yín rú. «No apoyarse» (ẹ má fara tì í) àti «no asomarse» (ẹ má yọrí síta) tọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú «se» lẹ́yìn, nítorí pé kò sí ẹnì kan pàtó tí ìwé náà ń bá wí. Bí ẹ bá kọjú sí ènìyàn, «no se apoye».

———

Ó ku ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ méjì tó wọlé pọ̀, ìbéèrè yìí sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ìyá fẹ́ tú báńdéèjì orúnkún wọn. Báńdéèjì náà ni «la venda». «No se quite la venda» dára. Bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, «no se la quite». Àwọn méjèèjì wá síwájú pọ̀, «se» ló ṣáájú. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti tú u, wọ́n á padà sẹ́yìn pọ̀, àmì á sì hàn: «quítesela».

Lẹ́yìn náà ni «me» tí kò ṣe iṣẹ́ kankan nínú gbólóhùn ju pé ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan olùsọ̀rọ̀ lára lọ. «No se me caiga» túmọ̀ sí pé kí wọ́n má ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́ o. «No te me vayas» ni ẹbẹ̀ ẹni tí olólùfẹ́ fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn kan níbí ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ kan irú èyí títí yóò fi gbọ́ èdè náà yéké. Èmi kò rí ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá arúgbó lẹ́kun, èyí ni ó rọ̀ jù létí wọn, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Kí ẹ ṣáà fi «me» sí ẹ̀yìn «se» tàbí «te». «No me se caiga» wà lẹ́nu àwọn kan, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ojú aláìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wo ẹni tó bá sọ ọ́.

———

Ẹni tó bèèrè ti padà wá, ó ní ọmọ ìyá kì í sọ «no se caiga», pé «no se vaya a caer» ni òun ń gbọ́, «vaya» yẹn kò sì yé òun nígbà tí kò sí ẹni tó ń lọ síbì kankan.

«Vaya» inú gbólóhùn yẹn kò tọ́ka sí ìrìn. «Ir a» ni wọ́n fi ń sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, nítorí náà «no se vaya a caer» jẹ́ ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra, ẹ ò gbọdọ̀ lọ ṣubú. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé kò sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú tí a ó fi máa pàṣẹ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. «Se» inú rẹ̀, caer ló ni ín. «Vaya» kàn gbà á sọ́dọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè dá a padà fún olówó rẹ̀, kí ẹ ní «no vaya a caerse», kò sí ẹni tó máa tún un ṣe fún yín. Àwọn òbí tó ń ṣọ́ ọmọ wọn ní ọgbà ìṣeré kì í fi ti àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu: no te vayas a caer, no te vayas a ensuciar. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan ní ọjọ́ ìsinmi yín. Ẹ ó gbọ́ ohun tó pọ̀ ju èyí tí ìwé kíkà lè fún yín lọ.

Ní ti òwúrọ̀ ọ̀la, bí ìyá bá tún sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ kí ẹ tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: «Espere, señora, no se me levante, que se va a caer».